Káàdì Mẹ́wàá tí Bàbá Fi Purọ́

Àpòòwé mọ́kànlá ni bàbá bàbá mi ní tó ti wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí òfuurufú, tó sì padà sáyé láìfarapa. Mẹ́wàá nínú wọn bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, nínú ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, ní Ìyànà Ìbà. Bàbá kọ káàdì kan ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ohun kan náà ni káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sọ: "Èmi fúnra mi ni mo ṣe é." Irọ́ ni.

Sùnmọ́nù Àjàní lorúkọ wọn. Pósófíìsì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń ṣa lẹ́tà, wọ́n sì ń tẹ òǹtẹ̀. Ọmọ Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n, ṣùgbọ́n Igbó-Elérin, ní Okokomáíkò, ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kú sí ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú òjò ọdún yìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àyà ti ń dùn wọ́n. Wọ́n lé díẹ̀ ní ọgọ́rin ọdún. Kí ìrun Àsárì ọjọ́ náà tó pé, a ti sin wọ́n.

Ẹni tí kò bá gbọ́ nípa irú àpòòwé bẹ́ẹ̀ rí lè rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Àwọn tó ń rìnrìn-àjò lọ sí òfuurufú a máa kó àpòòwé díẹ̀ dání, tí wọ́n ti lẹ sítáǹpù mọ́. Bí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ ibùdó wọn lé e lórí, wọ́n á bu ọwọ́ lù ú, wọ́n á sì kó o padà wálẹ̀. Àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n ń wá irú rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù. Òyìnbó kan tó ń kó sítáǹpù jọ ló kọ lẹ́tà sí pósófíìsì níjọ́sí, pé òun ń wá sítáǹpù Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dá a lóhùn. Bàbá dá a lóhùn. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí àwọn méjèèjì fi kọ̀wé síra wọn láìfojú kan ara wọn. Bàbá ń fi sítáǹpù ránṣẹ́, òyìnbó ń fi àpòòwé òfuurufú ránṣẹ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ọdún mẹ́ta á wà láàárín.

Ọwọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá máa ń wò lára ènìyàn. Bí o bá wọ yàrá wọn, wọn ò ní bèèrè bóyá o ti jẹun. Ohun tí o fi ọwọ́ yẹn jẹ ni wọ́n máa bèèrè. Ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ìnuwọ́ funfun rọ̀ sára ìṣó. Ẹ̀mú kékeré ni wọ́n fi ń gbé àpòòwé wọn, wọn kì í fi ìka kàn án. Lọ́jọ́ kan, imáàmù àdúgbò wá kí wọn, ó sì na ọwọ́ sí èyí tó wà lórí tábìlì. Bàbá gbá ọwọ́ náà mú.

"Háà, Sùnmọ́nù! Àlùwàlá mi ṣì wà níbẹ̀ o," ni imáàmù wí.

"Ti Ọlọ́run nìyẹn," ni Bàbá dáhùn. "Ti àpòòwé ṣì kù."

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n bá jà títí ayé wọn. Ẹni tó bá ti tẹ òǹtẹ̀ sára lẹ́tà fún ọdún púpọ̀ mọ̀ pé ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Èjìká ló ń ṣe é, ara á sì wúwo tẹ̀ lé e. Bàbá kà á pé lókè lọ́hùn-ún, kò sóhun tó wúwo. Ó wá di wàhálà. "Bí èèyàn bá tẹ òǹtẹ̀ níbẹ̀, ṣé òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni yóò fò sẹ́yìn?" Wọ́n bi olùkọ́ físíìsì kan tó ń kírun ní mọ́sálásí wa. Olùkọ́ náà ya àwòrán, ó ṣàlàyé títí òógùn fi bò ó. Bàbá dúpẹ́, wọn ò gbà á. Wọ́n mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, wọ́n sì fi hàn mí bí òǹtẹ̀ náà ṣe dúdú ní apá òsì, tó sì ṣá ní apá ọ̀tún, bíi ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mì. Ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí mo rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín nìyẹn.

"Wò ó dáadáa, Àṣàkẹ́. Ẹnì kan ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹni yẹn sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀."

Alájà-lójoojúmọ́ wọn ni Alàájì Múfútàù, aládùúgbò wa tó ń ta ẹ̀yà ara tẹlifíṣọ̀n ní Alábà. Ẹnu géètì ni Alàájì máa ń dúró sí, kì í tíì wọlé tí ẹ̀gàn á ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Onísítáǹpù! Ẹ yá mi ní ọ̀kan. Kí n gbé e dé Alábà. Kó tó di ọ̀la, mo ti bá yín ṣe ogún, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ oríjínà!"

"Bíi tẹlifíṣọ̀n tí o tà fún mi?"

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀. Àwòrán ni kò ní."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Bàbá máa ń gbé àpótí káàdì wọn jáde, nítorí ọ̀rọ̀ oríjínà yìí máa ń dùn wọ́n dénú. Àpòòwé kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀: ta ló bu ọwọ́ lù ú, ọ̀nà wo ló gbà, ọjọ́ wo ló dé Okokomáíkò, ṣé oòrùn ń ràn lọ́jọ́ náà àbí òjò ń rọ̀. Wọn kì í kọ ohun tí kò dá wọn lójú. Nígbà kan òyìnbó wọn fi èyí tí ì bá jẹ́ ìkejìlá ránṣẹ́, ó sì ní kí Bàbá ṣáà kọ ọ́ pé ó ti lọ sókè, pé bóyá ló fi lè jẹ́ pé kò lọ. Bàbá dá a padà fún un. Lórí káàdì tí kò wá ní àpòòwé mọ́, wọ́n kọ ọ́ pé, "Wọ́n ní ó lọ. Mi ò rí ẹ̀rí." Ohun tí wọ́n sọ fún Alàájì lọ́jọ́ kan nípa rẹ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, nítorí iṣẹ́ oníròyìn tí mò ń ṣe fara jọ ọ́: "Àpòòwé tí a kò bá mọ ọ̀nà tó gbà dé, bébà ni. Òótọ́ tí a kọ tì í ló sọ ọ́ di nǹkan."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìbínú wọn náà. Wọ́n le. Bàbá mi sọ fún mi pé nílé àwọn, lẹ́tà ló ń jókòó sórí àga, ọmọ á wà nílẹ̀. Ẹni tó jẹ ìyà rẹ̀ jù ni Àǹtí Ràfíà, àbúrò bàbá mi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí. Nígbà tí Àǹtí Ràfíà wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ wọn, wọn ò sì ní sítáǹpù. Wọ́n rí àpòòwé kan nínú dúrọ́ọ̀. Wọ́n fi omi rin ín, wọ́n ṣí sítáǹpù ara rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ara wọn. Àpòòwé òfuurufú àkọ́kọ́ tí Bàbá ní láyé nìyẹn, kò sì sí lára mọ́kànlá tí mo mẹ́nu bà.

Bàbá fà wọ́n jáde sí ojú títì. Wọ́n pe àwọn ará àdúgbò. Àǹtí Ràfíà ṣì rántí ẹni tó dúró síbi tó dúró sí: ìyá tó ń ta kẹrosíìnì lápá ibí, àwọn mẹkáníìkì lápá ọ̀hún. "Ẹ wá wo apanirun tí mo bí!" ni Bàbá ń pariwo. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Ràfíà di ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹbí ìyá wọn ní Ifọ̀. Wọn ò parí ilé ìwé. Odindi ọdún mẹ́rin ni bàbá àti ọmọ ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Títí tí wọ́n fi padà wá, tí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù wáyà iná ní Alábà, tí wọ́n sì kó wá tọ́jú Bàbá lẹ́yìn ikú ìyá wa àgbà, kò sẹ́ni tó dárúkọ sítáǹpù yẹn nínú ilé mọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo bi Bàbá léèrè. Wọ́n ń nu awò ojú wọn, wọn ò gbé ojú sókè.

"Ariwo yẹn," ni wọ́n wí, "títí dòní ni mò ń gbọ́ ọ."

Nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, Bàbá kọ̀wé sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan níhìn-ín ní Èkó. Wọ́n fẹ́ kí àpòòwé mọ́kànlá náà ní ibi tí wọ́n á máa gbé lẹ́yìn tí àwọn bá kú. Èsì dé: inú àwọn dùn, àwọn á wá wò ó láàárín oṣù náà, bí ó bá wà ní ipò tó dára, àwọn á gbà á. Bàbá ka lẹ́tà yẹn fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Alàájì Múfútàù gbọ́ ọ ní ìgbà mẹ́ta. "Ó ti tó, Bàbá, mo ti mọ̀ ọ́n sórí," ni ó ní.

Lẹ́yìn náà ni òjò kan rọ̀, tí gọ́tà etí títì márosẹ̀ kún, tí omi sì wọ yàrá Bàbá dé orúnkún. Àpòòwé mẹ́wàá wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n yè. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, òun ló mu omi. Àdírẹ́sì ilé wa ló wà lára ọ̀kan yìí, Igbó-Elérin, nítorí Bàbá fúnra wọn ló fi í ránṣẹ́ sí òyìnbó wọn pé kó bá àwọn wá ẹni tí yóò gbé e gòkè. Wọ́n fẹ́ ẹ sí fáànù. Ó gbẹ, ṣùgbọ́n àbàwọ́n omi gọ́tà dúró sára rẹ̀ bíi tíì.

Ẹ̀rù ba Àǹtí Ràfíà. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ohunkóhun tó bá ṣe iyebíye sí wọn, wọ́n á gbé e lọ laminéètì, kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó nínú iná ẹ̀rọ. Ìwé ilẹ̀ wọn, káàdì ìdìbò, fọ́tò ìyá wọn, ìwé ìbí àwọn ọmọ wọn, gbogbo rẹ̀ ló ń dán. Àwọn nìkan kọ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé tí mo mọ̀ láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà tí kò sí irú rẹ̀ nínú àpótí. Nígbà tí Bàbá lọ yẹ ojú wò lọ́sibítù, Àǹtí Ràfíà kó àpòòwé mẹ́wàá tó kù sínú gèlè, ó di Ìyànà Ìbà. Wọ́n fi ọ̀kan tí omi ti kàn sílẹ̀. "Mo rò pé ìyẹn ti bàjẹ́," ni wọ́n sọ fún mi.

Síkírá ló ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì lẹ́nu géètì yunifásítì. Ó rántí ọjọ́ náà. "Mo bi wọ́n pé, Màámi, ṣé ó dá yín lójú? Wọ́n ní kí n lo ọ̀rá tó nípọn, pé ti bàbá àwọn ni, pé músíọ̀mù ń bọ̀ wá wò ó. Bí àkọ́kọ́ ṣe jáde báyìí, mo rí i tí íǹkì ń sáré. Mo ní, Màámi, ẹ wò ó o. Wọ́n ní ooru ni, á dúró tó bá tutù."

Kò dúró. Ọwọ́ tí wọ́n bù lù wọ́n tú bí aró. Òǹtẹ̀ di àbàwọ́n. Sítáǹpù wú. Ọ̀rá yẹn kì í sì í ṣe àpò tí èèyàn lè ṣí: lẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, iná yọ́ lẹ́ẹ̀ náà, ó sì mu wọ inú bébà.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Àǹtí Ràfíà tú gèlè náà síwájú Bàbá. Ojú wọn ń tàn. "Bàbá, ẹ wò ó. Omi Igbó-Elérin ò tún lè rí wọn mú mọ́." Bàbá ò wá ẹ̀mú wọn. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi gbé wọn, mo rí i. Wọ́n wo ìkíní, wọ́n wo ìkejì, wọ́n wò wọ́n dé ìkẹwàá. Mo ń retí ariwo tí bàbá mi sọ fún mi nípa rẹ̀. Wọ́n to àwọn àpòòwé náà léra.

"O ṣeun, Ràfíà," ni wọ́n wí. "Ó dán."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo bá wọn nínú yàrá pẹ̀lú bíléèdì. Àǹtí Ràfíà ti lọ ọjà. Wọ́n ti la etí ọ̀kan, wọ́n ń gbìyànjú láti bó ọ̀rá náà. Ojú bébà ń bá ọ̀rá lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣẹ́ kù. Orúkọ ẹni tó bu ọwọ́ lù ú ti ya sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí àtàǹpàkò wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ fún Àǹtí."

Wọ́n gbé bíléèdì sílẹ̀. "Bí o bá sọ fún Ràfíà pé ó bà á jẹ́, má wá síbi òkú mi."

Mo ṣèlérí fún wọn, mi ò sì sọ. Bàbá ò dá ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lóhùn mọ́. Nígbà tí wọ́n pè, Bàbá ní ara àwọn ò yá. Wọn ò ka lẹ́tà yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Alàájì Múfútàù wá sẹ́nu géètì lọ́jọ́ kan, ó ní òun ti ṣe tán láti ṣe ogún. Bàbá wò ó, wọ́n sì wọlé. Alàájì sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé, "Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé nǹkan ti kú nínú ilé yẹn, kì í ṣe òní."

Lọ́jọ́ kẹjọ ikú Bàbá, lẹ́yìn àdúrà, Àǹtí Ràfíà gbé àpótí káàdì jáde. Wọ́n na ọ̀kan sí mi. "Bá mi kà á, mi ò mú jígí wá." Mo rí ohun tó wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ dá a padà sínú àpótí. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á: "Òjò wọlé. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé e lọ laminéètì ní Ìyànà Ìbà. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Sùnmọ́nù." Wọ́n na òmíràn sí mi. Mo kà á. Mo ka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Àǹtí Ràfíà jókòó. "Bàbá purọ́," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni wọn ò fẹ́ kí ó dùn, Àǹtí. Wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ kejì gan-an ni mo ti mọ̀."

Mo tún lọ bá Síkírá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Wọ́n padà wá. Wọ́n ní ojú bàbá àwọn yàtọ̀, pé ṣé mo lè yọ ọ́. Mo ní, Màámi, kì í yọ. Orí bẹ́ǹṣì yìí ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n sunkún débi pé àwọn ọmọ yunifásítì tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì ń bi mí pé ta ló kú."

Mo ti ń ro Bàbá sí ẹni tó ṣe ohun ńlá: ọkùnrin tí kò kọ irọ́ rí, tó kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá nítorí ọmọ rẹ̀. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oníròyìn ni mí, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tí Àǹtí Ràfíà sọ. "Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi dúró kí wọ́n bá mi jà. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn, mò ń wo ẹnu wọn. Kí wọ́n ṣáà pariwo. Kí wọ́n pè mí ní apanirun, kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á ní o ṣeun, Ràfíà, ọbẹ̀ yìí dùn. Àṣàkẹ́, Bàbá ò jẹ́ kí n bẹ̀ wọ́n."

Àǹtí Ràfíà fúnra wọn ló ní ká kó àwọn àpòòwé náà lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí náà. A kó mọ́kànlá àti àpótí káàdì. Obìnrin tó ń bójú tó ohun tí wọ́n ń gbà wọlé fọ ọwọ́ kó tó kàn wọ́n. Bàbá ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ya èyí tí òjò rin sọ́tọ̀. Ó ní àbàwọ́n wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ rẹ̀ yè, ọwọ́ tí wọ́n bù lù ú yè, nítorí báírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Òun nìkan ni ó ṣì wà láàyè nínú gbogbo wọn. Ó ní àwọn lè gba mẹ́wàá tó kù gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti bàjẹ́, bí ẹbí bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ìtàn tó wà lórí káàdì wọn jẹ́ òótọ́. Ó ka káàdì kan. Ó gbé ojú sókè.

"Ṣé òótọ́ lèyí?"

Mo ronú nípa ìlérí tí mo ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíléèdì. Àǹtí Ràfíà ò dúró dè mí.

"Irọ́ ni, Màdáàmù. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ bá mi ya káàdì yẹn, kí n kọ tèmi."

Obìnrin náà mi orí. Ó fi káàdì Bàbá padà sí ẹ̀yìn àpòòwé rẹ̀, ó sì na káàdì òfìfo mẹ́wàá sí Àǹtí Ràfíà, pẹ̀lú báírò. Ó ní kí wọ́n kọ tiwọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ó ní ìgbìmọ̀ àwọn máa jókòó lé e lórí ní oṣù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, mọ́kànlẹ̀ẹ̀kànlá ló máa wà nínú gíláàsì kan náà, èyí tí òjò rin ló máa wà láàárín.

"A kì í ya káàdì ẹni tó ti lọ," ni ó wí. "Tiyín máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ẹni tó bá wá wò ó á ka méjèèjì."